Bí A Ṣe Ń Fi Ẹyín Iná àti Ewé Se Oúnjẹ ní Oko Ekiti

Ẹni tí ó bá ń bọ̀ ní àbà wa, tí ó wà ní ọ̀nà Ìṣẹ̀ sí Èmùré, ní òwúrọ̀ kùtùkùtù, yóò kọ́kọ́ gbọ́ òórùn èéfín kí ó tó rí òrùlé. Ní àbà yìí ni yèyé mi àgbà ti kọ́ mi ní oúnjẹ sísè. Kì í ṣe iyọ̀ tàbí ata ni ó fi bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ náà bí kò ṣe iná, èyí tí àwa ará Ekiti ń pè ní uná nínú ẹ̀ka èdè tiwa, gẹ́gẹ́ bí a ti ń pe ilé ní ulé. Ó jẹ́ kí n mọ̀ pé ọwọ́ iná tí ń jó bùlà bùlà kọ́ ni a fi ń se oúnjẹ oko. Ẹyín iná tí ó kù lẹ́yìn tí ọwọ́ iná bá ti rọlẹ̀, eérú gbígbóná tí ó yí i ká, àti ewé tútù tí a fi bo oúnjẹ lára ni wọ́n ń ṣe iṣẹ́ náà. Gbogbo ohun tí mo kọ sí ìsàlẹ̀ yìí ni ó dúró lé ẹ̀kọ́ yẹn.

Mo kọ ìtọ́sọ́nà yìí fún àwọn ọmọ wa tí wọ́n dàgbà sídìí gáàsì àti sítóòfù, tí wọ́n ń padà sí oko báyìí, àti fún ẹnikẹ́ni tí ó bá fẹ́ mọ̀ ọ́n ṣe kí àwọn àgbà tí wọ́n mọ̀ ọ́n tó lọ tán. Ohun èlò rẹ̀ kò pọ̀. Ọ̀bẹ tí ó mú, àdá, abẹ̀bẹ̀, ẹ̀mú tàbí igi tútù méjì tí ẹ lè fi mú ògúnná, àti ìkòkò amọ̀ kan ti tó.

Ibi ìdáná àti ààrò

Ẹ yan ibi tí ilẹ̀ ti tẹ́jú, tí kò sí lábẹ́ ẹ̀ka igi tí ó rọ̀ sílẹ̀, tí ó sì jìnnà sí oko kòkó. Ẹ gbá ewé gbígbẹ kúrò níbẹ̀ ní ìwọ̀n ẹsẹ̀ mẹ́wàá yíká, títí ẹ ó fi rí erùpẹ̀. Ní àkókò ọyẹ́, ewé kòkó tí ó bọ́ sílẹ̀ máa ń gbẹ débi pé ẹ̀ta iná kan ṣoṣo lè jó oko tí a ti fi ọdún mẹ́wàá tọ́jú ní ìrọ̀lẹ́ kan. Nítorí náà, ẹ pọn omi korobá kan sí tòsí kí ẹ tó ṣá iná, kì í ṣe lẹ́yìn rẹ̀.

Lẹ́yìn èyí ni ẹ óò to ààrò. Ààrò mẹ́ta kì í da ọbẹ̀ nù, àwọn tí wọ́n pa òwe yìí sì mọ ohun tí wọ́n ń sọ, nítorí pé ìkòkò tí ó bá jókòó lórí mẹ́ta kì í mì, bí ilẹ̀ tilẹ̀ rí gbágungbàgun, ṣùgbọ́n èyí tí a bá gbé ka orí mẹ́rin yóò máa wá ibi tí yóò yẹ̀ sí. Òkúta pọ̀ ní ilẹ̀ wa, láti Olóṣùnta ní Ìkẹ́rẹ́ títí dé àwọn òkè Ẹ̀fọ̀n, síbẹ̀ kì í ṣe gbogbo òkúta ni ó gba iná. Èyí tí a bá gbé láti inú odò ti mu omi sára. Bí iná bá mú un, omi inú rẹ̀ á di ooru, òkúta náà á sì bẹ́ bí ìbọn. Àpáta líle pàápàá máa ń ṣí ní ìpele ìpele bí iná bá pẹ́ lára rẹ̀, ìdí sì nìyẹn tí àwọn tí ń fọ́ òkúta fi máa ń dáná lé àpáta lórí kí wọ́n tó fi òòlù lù ú.

Ohun tí mo fara mọ́ jù ni amọ̀ òkìtì ọ̀gán. Ẹ gé e wá, ẹ gún un kúná, ẹ bu omi sí i díẹ̀díẹ̀, kí ẹ sì fi koríko gbígbẹ tí ẹ ti gé wẹ́wẹ́ pò ó pọ̀ kí ó má baà sán. Ẹ mọ ọ́n ní òkìtì mẹ́ta tí gíga ọ̀kọ̀ọ̀kan tó ìbú ọwọ́ méjì, kí àyè tí ó wà láàárín wọn gba ìdí ìkòkò yín. Ẹ jẹ́ kí wọ́n gbẹ ní òjìji fún ọjọ́ mẹ́rin. Iná àkọ́kọ́ tí ẹ óò dá sí wọn gbọ́dọ̀ kéré, kí omi tí ó ṣẹ́kù nínú amọ̀ lè jáde pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ààrò tí a bá mọ báyìí tí òjò kò sì pa á yóò lò ju ọdún kan lọ.

Igi àti ẹyín iná

Igi tí ó le ni ó ń mú ẹyín iná wá. Igi tí ó fúyẹ́, bí àràbà, máa ń jó fẹ́rẹ́, á sì di eérú kí iṣu tó mọ̀ pé wọ́n dáná. Ní apá Ìkọ̀lé àti Ọ̀mùò, níbi tí igbó ti ń di ọ̀dàn, ayín ni kò ní ẹgbẹ́, nítorí pé ẹyín rẹ̀ máa ń pọ́n títí ilẹ̀ yóò fi mọ́. Ní ọ̀dọ̀ tiwa, ẹ̀ka kòkó tí a gé nígbà tí a ń tún oko ṣe àti igi ọsàn tí ó ti gbẹ ni a ń lò jù. Ẹ lu igi méjì mọ́ ara wọn: èyí tí ó bá gbẹ á dún gan-an, èyí tí ó bá tutù á dún bí ìgbà tí a fi ọwọ́ gbá ògiri. Igi tútù kò ní ohun tí ó lè fún yín ju èéfín tí ń ta ojú lọ.

Àwọn igi kan wà tí kò gbọdọ̀ dé ìdí oúnjẹ. Ọbọ jẹ́ májèlé. Èèpo rẹ̀ ni wọ́n ń fún ènìyàn mu nígbà àtijọ́ láti fi dán ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn àjẹ́ kàn wò, ó sì pa ọ̀pọ̀ wọn. Lápálápá kò dára. Pákó tí a ti kùn lọ́dà kò dára. Ẹ má ṣe fi ọ̀rá tàbí táyà ṣá iná láéláé, bí ó ti wù kí igi tutù tó, nítorí pé èéfín wọn á wọ inú oúnjẹ lọ, á sì wọ inú ẹ̀dọ̀fóró ẹni tí ń fẹ́ná. Ògùṣọ̀, ìyẹn ìhá ẹyìn tí a ti fún epo inú rẹ̀, ni a fi ń ṣáná ní oko. Epo tí ó ṣẹ́kù lára rẹ̀ máa ń jẹ́ kí ó gbaná kíá, kí iná rẹ̀ sì pẹ́ díẹ̀. Bí kò bá sí ògùṣọ̀, ṣùkù àgbàdo gbígbẹ lè dípò rẹ̀.

Ẹ to igi wẹ́wẹ́ lé ògùṣọ̀ lórí, kí ẹ fi àyè sílẹ̀ kí atẹ́gùn lè kọjá, kí ẹ sì fi igi ńlá mẹ́ta sí i nígbà tí iná bá ti mú dáadáa. Láti ìgbà yìí, iṣẹ́ yín ni láti dúró. Ó tó nǹkan bí ogójì ìṣẹ́jú sí wákàtí kan kí igi líle tó jó di ẹyín iná. Ẹ óò mọ̀ pé ó ti tó nígbà tí ọwọ́ iná bá rọlẹ̀, tí èéfín sì dáwọ́ dúró, tí eérú funfun fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sì bo ẹyín tí ó pọ́n lára. Ẹ na àtẹ́lẹwọ́ sí òkè rẹ̀ ní ìwọ̀n ìbú ọwọ́ méjì, kí ẹ sì máa kà: ení, èjì, ẹ̀ta, ẹ̀rin, àrún. Bí ẹ bá ní láti fa ọwọ́ yín kúrò kí ẹ tó dé ẹ̀ta, ó ṣì gbóná jù fún iṣu. Bí ẹ bá ka dé àrún kí ó tó jó yín lọ́wọ́, àkókò ti tó.

Iṣu sísun

Iyán ni gbogbo ènìyàn mọ̀ mọ́ Ekiti, n kò sì ní kọ́ ará Ekiti bí a ṣe ń gún un. Ṣùgbọ́n kí iyán tó délé, iṣu sísun ni àgbẹ̀ ti jẹ lóko, òun sì ni ó máa ń fi hàn bóyá ènìyàn mọ iná lò.

Iṣu funfun tí a ti wa, tí ó sì ti wà nílẹ̀ fún oṣù méjì tàbí mẹ́ta ni ó dára jù. Iṣu tuntun ní omi nínú, kì í sì í dùn tó bẹ́ẹ̀ bí a bá sun ún. Ẹ fi ọwọ́ gbọn erùpẹ̀ ara rẹ̀ dànù. Ẹ má ṣe fọ̀ ọ́, nítorí pé eérú á lẹ̀ mọ́ èèpo tí ó tutù bí ẹrẹ̀. Bí iṣu bá kéré, ẹ sun ún lódindi. Bí ó bá gùn, ẹ gé e sí abala tí gígùn rẹ̀ tó ọwọ́ kan, kí ẹ sì fi ojú ibi tí ẹ gé yìí tẹ eérú gbígbẹ kí omi inú rẹ̀ má baà sá jáde.

Ẹ fi igi pín ẹyín iná sí ọ̀tún àti òsì, kí eérú tí ó nípọn tó ìka méjì kù sí àárín. Ẹ tẹ́ iṣu sórí eérú yìí, ẹ wọ́ eérú gbígbóná bò ó, lẹ́yìn náà ni kí ẹ wá kó ẹyín iná lé e lórí. Ẹyín iná kò gbọdọ̀ kan èèpo iṣu ní tààrà ní ìbẹ̀rẹ̀. Eérú ni ó ń gba ooru lọ́wọ́ ẹyín iná, tí ó sì ń fi í fún iṣu díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi dé àárín rẹ̀. Ní ọmọdé, ebi máa ń mú mi ti iṣu sínú ọwọ́ iná kí ó lè tètè jinná. Ìta rẹ̀ á di èédú, inú rẹ̀ á sì le koko, tí n óò ní láti jù ú fún ewúrẹ́.

Ẹ yí iṣu padà ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá mẹ́wàá. Èyí tí ó nípọn tó apá àgbàlagbà yóò lò tó ìṣẹ́jú márùndínláàádọ́ta sí wákàtí kan. Nígbà tí ẹ bá rò pé ó ti jinná, ẹ fi ìka kàn án. Iṣu tútù á dún kò kò bí igi. Èyí tí ó ti jinná á dún bù bù bí ìlù tí awọ rẹ̀ ti rọ̀. Kí ó lè dá yín lójú, ẹ fi igi ìgbálẹ̀ kan gún un láti ẹ̀gbẹ́. Kò gbọdọ̀ kọ́ ohunkóhun ní àárín.

Ẹ gbé e kúrò nínú eérú, kí ẹ jẹ́ kí ó sinmi fún ìṣẹ́jú márùn-ún, kí ẹ wá fi ọ̀bẹ họ ibi tí ó jóná lára rẹ̀. Ẹ má họ ọ́ dé funfun. Abẹ́ èèpo dúdú yẹn ni awọ pupa rẹ́súrẹ́sú kan wà tí ó ń ta sánsán, tí ó sì ń ró nínú eyín. Òun ni àwọn ọmọdé máa ń du mọ́ ara wọn lọ́wọ́. Ẹ fi ọwọ́ bù ú sí méjì dípò ọ̀bẹ. Ooru á rú jáde, ẹ óò sì rí inú rẹ̀ tí ó funfun bí ẹ̀gbọ̀n òwú. Epo pupa tí a kò yọ́, iyọ̀ díẹ̀ àti ata gbígbẹ tí a lọ̀ ni a fi ń jẹ ẹ́. Ẹni tí ó bá ní ẹja yíyan nílé kò nílò ọbẹ̀ mọ́.

Bákan náà ni a ṣe ń sun ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà, àmọ́ kò gbà ju ìṣẹ́jú ogún lọ. Kókò gba sùúrù, nítorí pé èyí tí kò bá jinná dé inú máa ń yún ènìyàn lọ́fun. Ewùrà lómi jù fún sísun. Ẹ fi ṣe ọ̀jọ̀jọ̀. Ẹ sì má ṣe wa iṣu igbó tí ẹ kò mọ̀ jẹ, nítorí májèlé wà nínú òmíràn tí iná nìkan kò lè pa.

Ewé tí a fi ń di oúnjẹ

Ewé méjì ni mo gbẹ́kẹ̀ lé. Èkíní ni ewé eéran, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń pè ní ewé mọ́ínmọ́ín, tí ó máa ń hù lábẹ́ òjìji kòkó àgbà níbi tí ilẹ̀ ti tutù, ewé fífẹ̀ kan ṣoṣo lórí ọ̀pá gígùn kan. Ní ìdí rẹ̀, lẹ́bàá ilẹ̀, ni èso pupa onígun mẹ́ta kan máa ń wà tí àwọn ọmọ oko ń lá. Ohun tí ó wà nínú èso yìí, tí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ń pè ní thaumatin, dùn ju ṣúgà lọ ní nǹkan bí ìlọ́po 2,000, àwọn ilé iṣẹ́ oúnjẹ ní òkè òkun sì ń lò ó. Èkejì ni gbòdógì, tí ewé rẹ̀ tóbi, tí ó sì ki ju ti eéran lọ. Òun ni mo ń lò fún ohun tí yóò wọ inú eérú.

Kì í ṣe àwa nìkan ni a mọ iyì ewé wọ̀nyí. Àwọn Baka tí wọ́n wà ní Kamẹrúùnù àti àwọn Aka tí wọ́n ń gbé inú igbó ńlá àgbègbè odò Kóńgò máa ń fi ìbátan gbòdógì di ẹran, ẹja àti olú kí wọ́n tó tì í sínú ẹyín iná, àwọn Mbuti tí wọ́n wà ní igbó Ituri sì ń fi irú ewé kan náà bo òrùlé àgọ́ wọn. Ó máa ń wú mi lórí tí mo bá rántí pé àwọn tí a kò bá pàdé rí ń ṣe ohun tí yèyé mi àgbà ń ṣe, pẹ̀lú ewé kan náà.

Ọ̀bẹ ni kí ẹ fi gé ewé, kí ẹ má fà á tu, kí ìdí rẹ̀ lè tún rúwé. Ẹ fọ iwájú àti ẹ̀yìn rẹ̀. Ẹ fi ọ̀bẹ fá ẹ̀yìn igi tí ó la àárín ewé já kí ó lè tẹ̀ láì ya, kí ẹ sì gbé ewé kọjá lókè ẹyín iná lẹ́ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì títí yóò fi rọ̀, tí àwọ̀ rẹ̀ á sì jinlẹ̀ sí i. Ẹ kó àwọn ọ̀pá ewé pa mọ́. Wọn yóò wúlò láìpẹ́.

Ọ̀lẹ̀lẹ̀ ni kí ẹ fi kọ́ ọwọ́. Fún ẹ̀wà agolo mẹ́ta, ẹ wá tàtàsé mẹ́ta, ata rodo méjì, àlùbọ́sà ńlá kan, epo pupa ṣíbí ìjẹun márùn-ún, iyọ̀, àti ẹja yíyan tí ẹ ti yọ eegun rẹ̀. Ẹ rẹ ẹ̀wà sínú omi fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ẹ fi ọwọ́ méjèèjì ra á títí èèpo rẹ̀ yóò fi bọ́, kí ẹ sì máa da omi àti èèpo kúrò títí ẹ̀wà yóò fi funfun. Ẹ tún rẹ ẹ́ fún wákàtí kan kí ẹ tó lọ̀ ọ́ pẹ̀lú ata àti àlùbọ́sà lórí ọlọ. Ọlọ ń lọ̀ ọ́ kúná ju ẹ̀rọ lọ, bí ó tilẹ̀ ń rẹ apá. Ẹ da epo àti omi lílọ́wọ́ọ́rọ́ sí i, kí ẹ sì pò ó dáadáa títí yóò fi fúyẹ́. Bí ẹ bá fi ṣíbí bù ú, ó gbọ́dọ̀ máa ṣàn bọ́ bí ògì tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ sẹ́. Bí ó bá ki jù, ọ̀lẹ̀lẹ̀ á le, bí ó bá sì ṣàn jù, kò ní dì.

Fún dídì rẹ̀, ẹ mú ewé eéran méjì, ẹ gbé ọ̀kan gùn èkejì ní ìdajì, kí ojú dídán wọn kọjú sí òkè. Ẹ ká ìsàlẹ̀ wọn wọlé bí ẹni ń ṣe àrọ, kí ẹnu rẹ̀ fẹ̀, kí ìdí rẹ̀ sì ṣóńṣó. Ẹ ṣẹ́ ibi ṣóńṣó yìí padà sẹ́yìn mọ́ ara ewé, kí ẹ sì fi àtàǹpàkò dì í mú gírígírí. Ibẹ̀ ni ọ̀lẹ̀lẹ̀ máa ń jò sí bí ọwọ́ bá dẹ̀. Ẹ bu ẹ̀wà sínú rẹ̀ dé ìdajì tàbí kí ó lé díẹ̀, nítorí pé yóò wú, ẹ ṣẹ́ ẹ̀gbẹ́ méjèèjì wọlé, kí ẹ wá ṣẹ́ òkè bò ó. Bí ẹ bá gbé e kalẹ̀, ibi tí ẹ ṣẹ́ ni kí ó wà nísàlẹ̀, kí ìwúwo rẹ̀ fúnra rẹ̀ lè tì í pa.

Àwọn ọ̀pá ewé tí ẹ kó pa mọ́ ni ẹ óò tò ní ìdábùú àti òòró sí ìsàlẹ̀ ìkòkò. Ẹ bu omi sí i, kí omi náà má ga ju ọ̀pá wọ̀nyí lọ, kí ẹ jẹ́ kí ó hó kí ẹ tó to ọ̀lẹ̀lẹ̀ lé e. Ẹ fi ewé tí ó ti ya bo òkè wọn, kí ẹ sì dé ìkòkò. Ooru ni yóò sè é, kì í ṣe omi. Ó gbà tó wákàtí kan lórí iná tí kò lágbára jù. Bí omi bá ń gbẹ, ẹ fi omi gbígbóná kún un láti ẹ̀gbẹ́ ìkòkò, ẹ má dà á lé ewé lórí. Bí ẹ bá sọ ọ́ kalẹ̀, ẹ jẹ́ kí ó tutù díẹ̀ kí ẹ tó tú u, nígbà náà ni yóò dì dáadáa, tí ẹ óò sì rí ilà ewé tí ó tẹ̀ sí i lára.

Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ ilé ti ń fi ọ̀rá ṣe é, nítorí pé ewé ti wọ́n, àwọn tí ń já a sì ti dín kù. Ó dùn mí. Ọ̀rá tí a fi ń kó ọjà kò ṣe é fi sínú ooru, ohun tí a fi ṣe é lè yọ́ sínú oúnjẹ, kò sì ní òórùn kankan tí ó lè fi fún ẹ̀wà. Ẹni tí ó bá ní oko kòkó lè gbin eéran sábẹ́ rẹ̀ láìná kọ́bọ̀.

Bí ọwọ́ yín bá ti mọ́ ewé, ẹ dán ẹja inú eérú wò. Ẹ fi iyọ̀, ata, àlùbọ́sà àti ewé efinrin ra ẹja tútù tí ẹ ti fọ̀, kí ẹ ta epo díẹ̀ sí i. Ẹ fi gbòdógì kan dì í, ẹ tún fi òmíràn dì í ní ìdábùú, kí ẹ sì fi ẹ̀kẹta tí ẹ ti rì sínú omi bo gbogbo rẹ̀. Ẹ fi ìko tàbí okùn tí a ya lára igi ọ̀gẹ̀dẹ̀ so ó. Ẹ bò ó mọ́ eérú bí ẹ ti ṣe iṣu, kí ẹ sì fún un ní ọgbọ̀n ìṣẹ́jú bí ẹja náà bá fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́. Ẹ óò gbọ́ tí yóò máa kùn wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ nínú eérú. Nígbà tí ẹ bá tú u, ewé ìta á ti jó dúdú, èyí tí ó tẹ̀ lé e á ti pọ́n, èyí tí ó kan ẹja á sì ṣì tutù yọ̀yọ̀, pẹ̀lú omi ẹja àti epo nínú rẹ̀. Omi yẹn ni ọbẹ̀; ẹ má dà á nù. Olú náà ṣe é sè báyìí, bí ó bá jẹ́ olú tí àgbà tí ó mọ̀ ọ́n ti fọwọ́ sí. Sísè kì í pa májèlé olú burúkú.

Ìkòkò amọ̀

Àwọn obìnrin Ìsàn-Ekiti ṣì ń mọ ìkòkò, ẹ sì lè rí ìṣaasùn rà lọ́wọ́ wọn. Kí ẹ tó lo èyí tí ó jẹ́ tuntun, ẹ rì í sínú omi di ọjọ́ kejì, ẹ gbẹ ẹ́, ẹ fi epo pupa pa inú rẹ̀, kí ẹ sì se omi ògì nínú rẹ̀ lórí iná jẹ́jẹ́ fún ìdajì wákàtí kí ó lè dí àwọn ihò wẹ́wẹ́ ara rẹ̀. Ẹ má ṣe da omi tútù sínú ìṣaasùn tí ó ti gbóná. Mo ti ṣe é rí, ó sì là sí méjì lójú mi, gbogbo ọbẹ̀ inú rẹ̀ bá iná lọ.

Fún ọbẹ̀ ẹ̀fọ́, ẹ jẹ́ kí epo yọ́ láì rú èéfín, ẹ da àlùbọ́sà, ata àti irú sí i, lẹ́yìn náà ẹja yíyan, ègúsí, àti ẹ̀fọ́ ní ìkẹyìn. Ẹ bọ ebòlò tàbí yánrin kí ẹ tó lò ó. Òdú àti tẹ̀tẹ̀ kò le bẹ́ẹ̀. Ẹ fa igi kúrò lábẹ́ ìṣaasùn nígbà tí ọbẹ̀ bá ku díẹ̀ kí ó jinná, nítorí pé amọ̀ máa ń pa ooru mọ́, yóò sì parí iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀.

Ẹja yíyan

Àrọ̀ ni ó gba èéfín jù. Ẹ fi eérú ra á títí ara rẹ̀ kò fi ní yọ̀ mọ́, ẹ fọ̀ ọ́, ẹ yọ ìfun rẹ̀, ẹ fi iyọ̀ pa á, kí ẹ sì gbé e kọ́ fún wákàtí kan kí omi rẹ̀ ro dànù. Ẹ ká a, ẹ ti ìrù rẹ̀ bọ̀ ọ́ lẹ́nu, kí ẹ fi igi tẹ́ẹ́rẹ́ tí ẹ gbẹ́ lẹ́nu gún un kí ó má tú. Igi ọsàn tàbí ti ọ̀pẹ dára. Ẹ má fi igi tí ẹ kò mọ orúkọ rẹ̀ gún ohun tí ẹnikẹ́ni yóò jẹ.

Pẹpẹ tí a fi igi tútù tò ni a ń tẹ́ ẹja lé, ní ìwọ̀n ìgbọ̀nwọ́ kan ààbọ̀ sókè ẹyín iná. Àwọn ẹ̀yà Tupi ní Bràsíl ní irú pẹpẹ yìí láti ayébáyé, moquém ni orúkọ rẹ̀ lọ́dọ̀ wọn. Ní wákàtí méjì àkọ́kọ́, ẹ jẹ́ kí ẹyín iná pọ̀ kí ẹja lè jinná. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ dín in kù, kí ooru àti èéfín fẹ́ẹ́rẹ́ máa gbẹ ẹ́ di ọjọ́ kejì, kí ẹ sì máa yí i padà. Bí epo ẹja bá ń kán sórí iná tí èéfín dúdú sì ń rú, ẹ wọ́ ẹyín iná sí ẹ̀gbẹ́. Èéfín dúdú ń mú ẹja korò, kò sì dára fún ara. Ẹja tí ó gbẹ dáadáa á fúyẹ́ lọ́wọ́, á sì dún bí ẹ bá lù ú mọ́ èkejì.

Bẹ́ẹ̀ náà ni a ṣe ń yan ẹran ìgbẹ́, ṣùgbọ́n ẹ má ṣe dọdẹ nínú igbó ọba, ìyẹn igbó tí ìjọba ń dáàbò bò. Ìnàkí ṣì wà nínú ti Ìṣẹ̀, wọn kò sì pọ̀ mọ́. Ẹ má jẹ eku tàbí ẹran tí ẹ bá ní òkú, kí ẹ sì máa dé oúnjẹ tí ó wà lórí àjà, nítorí eku ni ó ń gbé ibà Lassa kiri, èyí tí wọ́n kọ́kọ́ dá mọ̀ ní ìlú Lassa ní Borno ní ọdún 1969.

Pípa iná àti fífi í pamọ́

Bí ẹ bá ń lọ sílé ní àkókò ẹ̀ẹ̀rùn, ẹ tú ẹyín iná ká, ẹ da omi sí i, ẹ fi igi rò ó pọ̀, kí ẹ tún da omi sí i. Ẹ fi ẹ̀yìn ọwọ́ sún mọ́ ọn. Bí ooru bá ṣì ń bọ̀, iná kò tíì kú.

Bí ẹ bá ń sùn ní àbà, ẹ yan ògúnná ńlá méjì láti ara igi tí ó le, ẹ gbé wọn sí àárín ààrò kí wọ́n fẹnu kan ara wọn, kí ẹ sì wọ́ eérú bò wọ́n pátápátá, ní nípọn ìka mẹ́rin. Ní ìdájí, ẹ ṣí eérú náà díẹ̀díẹ̀, ẹ fi ògùṣọ̀ tín-ín-rín kan kan ibi tí ó pọ́n, kí ẹ sì fẹ́ ẹ pẹ̀lú ẹnu, kì í ṣe abẹ̀bẹ̀, títí yóò fi gbaná.